Ọkọ̀ Ìjàpá Tó Ń Relé Lẹ́ẹ̀kan Lọ́dún

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ má fi mí ṣe ẹ̀sín. Ìwé kẹfà ni mo kà mọ, ọwọ́ mi kò sì mọ́ ọn lára láti máa kọ nǹkan tó gùn. Láàárín èèyàn pàápàá, n kì í lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹni mẹ́ta bá ti péjọ, ahọ́n mi á wúwo. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò le. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan ni, àti bí mo ṣe kórìíra rẹ̀.

Òórùn ló fà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, káfíńtà tó wà ní ojúlé kejì sí wa ní Òṣogbo yọ́ àbẹ́là sínú kẹrosíìnì, ó ń fi kun kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tán kó lè máa dán. Afẹ́fẹ́ gbé òórùn náà wọ ilé ìdáná mi. Mo dúró gbagidi pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, gbogbo ara mi sì gbóná bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bú. Ẹ̀yin ọmọdé ìsinsìnyí tí ẹ ń rí ìpara ọkọ̀ rà nínú agolo, ẹ kò lè mọ òórùn yẹn. Èmi mọ̀ ọ́n. Òórùn àárọ̀ Sátidé ni, ní ilé bàbá mi.

Ọmọ Iléṣà ni bàbá mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rélùwéè ló gbé e wá sí Òṣogbo. Akọ̀wé ni ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ilé tí a ń gbé kò jìnnà sí ojú irin náà; bí ọkọ̀ bá ń kọjá, àwo á máa gbọ̀n lórí pẹpẹ, ìyá mi á sì fi ọwọ́ dì wọ́n mú láìwo ẹ̀yìn. Ọmọ Òṣogbo ni ìyá mi, láti agbo ilé àwọn aláró. Mùsùlùmí ni wọ́n nílé wọn, òun náà sì ń kírun títí di òní. Dúdú aró kì í kúrò ní èékánná rẹ̀, bó ti wù kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó. Àwa ọmọ méjì ló kù fún wọn: Bọ̀dá Kúnlé ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni àbúrò.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira ni òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá bàbá mi palẹ̀ mọ́ láti máa lọ sí ìlú rẹ̀, ó sì ta ọkọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi. Irú èyí tí a ń pè ní ìjàpá ni, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rogodo bí igbá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn níbi tí ọkọ̀ mìíràn ń kó ẹrù sí. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Bàbá mi ti kọ́ ilé dè é kó tó dé. Páànù tuntun ló fi bo ilé ọkọ̀ náà, páànù ògbólógbòó tó ti lu ló sì wà lórí ilé ìdáná ìyá mi. Bí òjò bá ń rọ̀, ìyá mi á máa gbé abọ́ ka gbogbo ibi tó ń jò, á wá yọjú wo ilé ọkọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, á ní, "Ìjàpá, o kú oorun o. Ṣé kò tutù?"

Ohun tó máa pa yín lẹ́rìn-ín ni pé kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Lójoojúmọ́, á kọ́kọ́ ṣí ilé ọkọ̀, á ká aṣọ kúrò lórí ìjàpá, á tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, á jẹ́ kó máa hó títí ara rẹ̀ á fi yá. Á fetí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù. Lẹ́yìn náà á pa á, á fi aṣọ bò ó padà, á ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, á gun kẹ̀kẹ́. Àwọn aládùúgbò á ní, "Akọ̀wé, ẹ ò gbé mọ́tò jáde lónìí?" Á dá wọn lóhùn láìrẹ́rìn-ín pé, "Ó ń sinmi." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Mọ́tò-Ń-Sinmi nìyẹn. Àwọn ọmọ tí a jọ ń pọn omi a máa pè mí ní ọmọ Mọ́tò-Ń-Sinmi. N kì í lè dá wọn lóhùn. Mo máa ń fi ojú sílẹ̀ ni, n óò gbé garawa mi.

Òfin ọkọ̀ náà pọ̀ ju òfin ilé wa lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbá ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun nínú rẹ̀, bó ṣe ẹ̀pà lásán. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹsẹ̀ lu ara wọn kí iyanrìn lè bọ́. Bàbá mi lù mí lẹ́ẹ̀kan láyé mi, kì í ṣe nítorí pé mo jalè tàbí pé mo purọ́. Mo sá òjò lọ sábẹ́ ilé ọkọ̀, mo sì fi ẹ̀yìn ti ìjàpá náà. Aṣọ mi tutù.

Sátidé ni ọjọ́ ìwẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo ń pọn omi. Nítorí pé mo kéré, abẹ́ ọkọ̀ náà tún ni tèmi. N óò dùbúlẹ̀ lórí àpò, n óò máa fi igi tín-ín-rín ha ẹrẹ̀ kúrò nídìí táyà, ẹrẹ̀ ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan láti Sátidé tó kọjá. Bọ̀dá Kúnlé á wà nínú ilé, ó ń kàwé. Àwọn ọkùnrin tó ń kàwé kì í wọ abẹ́ ọkọ̀. Bàbá mi á yọ́ àbẹ́là sínú kẹrosíìnì lórí ẹyín iná, á máa rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á sì fi kun ara ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bó bá parí, á pè mí pé kí n wá wo ojú mi nínú rẹ̀. Mo máa ń rí i lóòótọ́. Ojú mi á fẹ̀ gbàgàdà, orí mi á kéré bí orí abẹ́rẹ́. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín. Mo rántí ẹ̀rín yẹn dáadáa, nítorí pé kì í rín in nínú ilé.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọkọ̀ náà ní: kó gbé bàbá mi relé lópin ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà lè má mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Ìjẹ̀ṣà a máa jáde lọ wá ajé. Kò sí ìlú tí ẹ kò ní bá wa. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti ń parí lọ, ilé di dandan, ohun tí o bá sì gbé wọ ìlú ni wọn ó fi mọ bí ọdún ṣe rí fún ọ. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn lọ tó gun kẹ̀kẹ́ bọ̀, ó ń lọ síwájú. Ẹni tó gun mọ́tò wálé lọ́dún tó kọjá, tó wá ń bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rí lọ́dún yìí, wọn kò ní bi í ní nǹkan kan. Wọn ó kàn máa kí i ju bó ṣe yẹ lọ. Kíkí yẹn ni bàbá mi ń sá fún. Ní tirẹ̀, kò sí àìsàn tó burú tó o.

Nítorí náà, nígbà tí a bá fẹ́ wọ Iléṣà, bàbá mi á dúró sí etí odò kan lẹ́yìn ìlú. Gbogbo wa á bọ́ sílẹ̀. A ó nu eruku pupa kúrò lára ìjàpá, bàbá mi á bọ́ aṣọ tó wọ̀ rìnrìn-àjò, á wọ agbádá rẹ̀, á gẹ fìlà. Á wá máa wa ọkọ̀ náà wọ̀lú jẹ́jẹ́, débi pé àwọn ọmọdé tó ń fẹsẹ̀ rìn ń kọjá wa. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹbí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí a ń pè ní Ìyá Iléṣà á ti jókòó láti àárọ̀. Á dìde, á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á ké ìyìn àwa Ìjẹ̀ṣà. "Kàrẹ́ o! Ọmọ ìyá mi ti dé! Ẹ̀yin tí ẹ ní kò ní dé, ojú yín rèé o!" Lẹ́yìn náà á gbé àpótí síwájú ọkọ̀ náà, á mú pàṣán, á sì máa fi lé ewúrẹ́ àti ọmọdé sẹ́yìn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọdún tí mo parí ìwé kẹfà, ìyẹn ọdún tí ogun abẹ́lé parí, ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá náà kọṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni tíṣà wa sọ fún mi pé mo yege láti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin. N kò pariwo. Mo délé, mo fọ gbogbo àwo, mo sì tún wọn fọ̀. Ìyá mi wò mí títí, ó ní, "Kí ló ń dùn mọ́ ọ báyìí?" Mo sọ fún un. Ó fi ọwọ́ aró rẹ̀ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì mú. A sì rí àmì rẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi títí di ọjọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ti ní àfi kí wọ́n tú inú ìjàpá náà palẹ̀, kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i. Ohun tó wà lọ́wọ́ bàbá mi kò lè ṣe méjèèjì. Tíṣà kan ní Ìmẹ̀sí-Ilé gbọ́, ó wá, ó yí ọkọ̀ náà po, ó fọwọ́ pa á lára, ó ní òun á rà á bó ṣe wà, òun á tún un ṣe fúnra òun. Nígbà tó lọ tán, ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi.

"Bàbá Kúnlé, ẹ tà á. Ẹ fi rán ọmọ yìí lọ síléèwé."

Bàbá mi ní, "Mo ti gbọ́."

Ohun tó ṣe ni pé ó ránṣẹ́ sí Iléṣà. Ìyá Iléṣà dé pẹ̀lú lọ́rí ọ̀sán. Kò tíì mu omi tó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà.

"Ta ló ní kí wọ́n ta ọkọ̀ ulé wa?" Bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ilé nìyẹn, bínú bá ń bí i, èdè ilé rẹ̀ ló ń jáde.

Ìyá mi ní, "Èmi ni, Ìyá mi. Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ kú oòrùn."

"Àbí omi aró lo pè é, tí o bá rẹ aṣọ tán kí o dà á sí gọ́tà?"

"Omi aró yẹn ló ń bọ́ wa nílé yìí, Ìyá mi. Mọ́tò kò bọ́ ẹnì kan rí."

"Ìyàwó Òṣogbo! Ẹnu rẹ mú o. Ìwé mélòó ni ìwọ kà tí ọmọ ìyá mi fi fẹ́ ọ? Ọmọ yìí á lọ sílé ọkọ. Mọ́tò kò ní lọ sílé ọkọ. Tó bá di ìparí ọdún, kí ni kí n máa wò bọ̀ lọ́nà? Ìwé girama?"

Ìyá mi ní, "Ẹ máa wo ọmọ ènìyàn bọ̀ lọ́nà."

Mo ń retí bàbá mi. Mo rò pé á sọ nǹkan kan nípa bí mo ṣe mọ ìwé, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi ní a-bí-dí kí n tó wọ iléèwé. Ó wú ikọ́. Ó ní, "Kúnlé ń kàwé. Ẹnì kan tó nínú ilé. Ọmọbìnrin náà á gbọ́. Ẹni jẹ́jẹ́ ni."

Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí pé n kì í sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé n kò ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ. Bó bá jẹ́ pé mo máa ń pariwo ni, bóyá wọn ì bá bẹ̀rù mi díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń ka èyí, tí wọ́n ń yìn yín pé ẹ jẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ ṣọ́ra fún ìyìn yẹn.

Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì wá. Ó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ mi wọ ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ìyá mi kò bá bàbá mi jà. Ohun tó ṣe burú ju ìjà lọ. Láti ọdún yẹn, kò fi ẹsẹ̀ tẹ inú ìjàpá mọ́. Bí ìparí ọdún bá dé, ní ìdájí ọjọ́ tí bàbá mi fẹ́ gbéra, ìyá mi á ti lọ wọ lọ́rí tí wọ́n ń kó iṣu. Á ṣáájú wa dé Iléṣà. Á bọ́ sílẹ̀ ní ojú ilé ẹbí gan-an, eruku pupa á bo ojú rẹ̀, ẹrù á wà lórí rẹ̀, á sì máa kí gbogbo èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn á ní, "Ìyàwó, lọ́rí lẹ wọ̀? Ṣé ọkọ yín kò ní mọ́tò mọ́ ni?" Á ní, "Ó ní o. Òun àti mọ́tò rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ṣì ń wẹ̀ létí odò." Nígbà tí bàbá mi bá fi máa dé pẹ̀lú agbádá rẹ̀, ẹ̀rín ti gba gbogbo ojú ọ̀nà. Ìyá Iléṣà á ṣì na ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n kàrẹ́ rẹ̀ kò ní dún tó ti tẹ́lẹ̀. Ilé wa wá dà bí ilé tí èèyàn méjì ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi ni mo ń jẹ ẹ́.

Ìyàlẹ́nu ni pé èmi ni ọkọ̀ náà wá bọ́ sí lọ́wọ́. Ní ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, ojú bàbá mi ti ń ṣú, ẹ̀rù sì bà á. Ó ní òun kò ní fi ọkọ̀ òun kọ́ àṣà tuntun. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ẹ̀gbà dá apá ọ̀tún rẹ̀ dúró. Bọ̀dá Kúnlé ti wà ní Ìbàdàn, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Bàbá mi á jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, á máa fi ọ̀pá júwe fún mi: tẹ èyí, fi ọ̀hún sílẹ̀, gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo kọ́ wíwa rẹ̀ nínú ọgbà wa, lẹ́yìn náà lójú títì, nígbà tí ọjọ́ orí mi sì tó, mo gba láísẹ́ǹsì. Mo mọ ìgbà tí òùngbẹ ń gbẹ bátìrì rẹ̀. Mo mọ ìgbà tí ọ̀yẹ́ mú un lọ́fun. Ọ̀pọ̀ àárọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí bàbá mi máa bi mí ni, "Ṣé o ti fún bátìrì lómi?" Èmi alára kò tíì mu omi.

Lọ́jọ́ kan, tí mo ń kùn ún, ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ dára. Ọwọ́ rẹ dára ju tèmi lọ." Mo dúró. Mo ń retí kó sọ èyí tó kù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa iléèwé yẹn, kí ọkàn mi lè rọ̀. Ó ní kí n má gbàgbé ìdí iná ẹ̀yìn. Kò pẹ́ púpọ̀ sí i tó fi kú.

Nígbà yẹn, mo ti ń ṣòwò ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo máa ń wọ lọ́rí lọ sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, n óò rà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin ẹ̀bá títì, n óò sì kó o wá tà ní Òṣogbo. Ìdajì wàhálà òwò náà ni dẹ́rẹ́bà lọ́rí. Bó bá wù wọ́n, wọn á gbé mi. Bí kò bá wù wọ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi á pọ́n sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ìjàpá sì wà nílé, ó ń dán, ó ń sinmi. Kò sí ẹni tó ní kí n má gbé e. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí n gbé e, èmi náà kì í ṣe ẹni tó mọ bí a ṣe ń bèèrè.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan ikú bàbá mi pé, gbogbo wa péjọ sí ilé Ìyá Iléṣà. Èmi ni mo wa ìjàpá débẹ̀, ìyá mi wọ lọ́rí. Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà jáde.

Bọ̀dá Kúnlé ló bẹ̀rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí a tà á nígbà tó ṣì ń dán. Ọkùnrin kan ní Àkúrẹ́ fẹ́ ẹ, á fi ṣe takisí."

"Takisí!" Ìyá Iléṣà fi ọwọ́ lé orí. "Kí gbogbo ayé máa fi ìdí lé ọmọ ìyá mi lórí kiri Àkúrẹ́? Ibí yìí ló máa wà. Mo ti fi ojú wá ibi tí a ó kọ́ ilé rẹ̀ sí níwájú ìta, kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ̀ pé ẹnì kan gbé ilé yìí rí."

Ìyá mi kò gbé orí sókè. "Ẹ dáná sun ún. Bí ẹ bá ń wá ìṣáná, ó wà nínú àpò mi."

"Ẹ gbọ́ ọ! Ilẹ̀ kò tíì gbẹ lórí ọkọ rẹ̀!"

"Ó ti gbẹ, Ìyá mi. Inú mi náà ti gbẹ, ó ti pẹ́."

Bọ̀dá Kúnlé ní, "Ó dáa, Ìyá, bó bá wà níbí, ta ni yóò máa fọ̀ ọ́?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Àárín ojú wọn ni mo ti rí gbogbo Sátidé tó kù láyé mi. Ìyá Iléṣà wá fi ohùn dídùn sọ̀rọ̀, ohùn tí kì í lò fún mi. "Ẹ bi í léèrè. Ọmọ yìí fẹ́ràn ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ju gbogbo yín lọ. Ohun tó bá sọ ni a ó ṣe. Mo ti wí."

Wọ́n rò pé mo fẹ́ràn rẹ̀! Nítorí pé ọwọ́ mi ń kùn ún. Bí mo bá ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀, ìránṣẹ́ rẹ̀ ni n óò jẹ́ títí n óò fi darúgbó, n óò máa ti Òṣogbo wá nu eruku kúrò lára ohun tó jẹ ìwé mi. Bí mo bá ní kí wọ́n tà á, Bọ̀dá mi ni yóò mú un lọ, orí mi sì ni wọn ó fi ẹ̀sùn lé: ọmọbìnrin tó ta orúkọ bàbá rẹ̀.

Bọ̀dá Kúnlé ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ẹnu rẹ là ń wò."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́."

Bọ̀dá Kúnlé ní, "Ó sọ̀rọ̀ o! Ẹ pàtẹ́wọ́!"

Nígbà tí a jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo rò pé ìyá mi á sọ ohun tí mo máa wí. Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. Ó ní, "Mi ò ní bá ọ sọ ọ́. Wọ́n ti jókòó pín ayé rẹ lẹ́ẹ̀kan láìbi ọ́. Mi ò ní fi ẹnu tèmi kún un."

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Ọkọ̀ ojú irin kì í kọjá ní ẹ̀yìnkùlé wa déédéé mọ́, àwo sì ti fìdí múlẹ̀ lórí pẹpẹ. Àwọn ọmọbìnrin ń wọ aṣọ iléèwé girama kọjá níwájú ìsọ̀ mi lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń pariwo, mo sì fẹ́ràn ariwo wọn. Ṣùgbọ́n àwa Ìjẹ̀ṣà ṣì ń wo ohun tí èèyàn gbé wọ̀lú kí a tó wo ojú rẹ̀. Èmi náà kò sì ní purọ́ fún yín pé ọkàn mi ti rọ̀ sí bàbá mi tán. Mo máa ń rántí ẹ̀rín rẹ̀, inú mi á dùn díẹ̀. N óò tún rántí ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ yẹn, inú mi á tún le. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé nínú mi, wọn kì í kí ara wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìpàdé náà, kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo lọ sídìí ìjàpá pẹ̀lú sípánà. Mo yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, ìjókòó rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ń fẹ̀yìn tì. Mo gbé e lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá Ìyá Iléṣà, mo tò ó síbẹ̀ dáadáa, kó lè rí ohun tí yóò máa wò. Mo wá pákó kan, mo fi bo bátìrì tó máa ń wà lábẹ́ àga náà. Lẹ́yìn náà mo tan ọkọ̀, mo sì kọrí sí Ìpetu.

Àwọn obìnrin ẹ̀bá títì kò kọ́kọ́ dá mi mọ̀. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé èmi ni, wọ́n ní níbo ni àwọn ó kó ẹrù sí. Mo ní ẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ pa ara ìjàpá náà, ó ní, "Nínú ọkọ̀ dídán yìí, àǹtí? Ẹ mọ̀ pé oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í bọ́?"

Mo ní mo mọ̀. A kó o, ìdì lórí ìdì, títí ó fi kan òrùlé. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, oje náà ti ń kán sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ lọ síbi tó wù ú. N kò nù ún.